Omi Tí Ìyá Alásẹ́ Bù Wọ́n Hóró

Obìnrin kan wà tí omi ń bà lẹ́rù. Kì í ṣe omi òkun, kì í ṣe odò tó ń gbé ọmọ ènìyàn lọ. Omi inú ife ni, omi tí a fi ń ṣan ọwọ́. Bí ó bá rí ẹni tó ń fi ìka wọ́n omi sílẹ̀ kó tó gbálẹ̀, ara rẹ̀ á gbọ̀n, á yára gbé ojú sí ibòmíràn. Àwọn tí kò mọ ìdí rẹ̀ a máa fi í ṣe ẹ̀fẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kì í rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á fò.

Ìyá Alásẹ́ ni gbogbo ibi iṣẹ́ ń pè é, nítorí pé asẹ́ kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bí ọmọ tirẹ̀ rí. Ẹnì kan ṣoṣo tó tọ́ dàgbà ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí ìyá wọn kú fi sílẹ̀ nígbà tó ṣì ń rákòrò. Ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n yìí ni ọmọ náà ti mọ oorun, ẹ̀yìn rẹ̀ náà ló ti mọ ẹkún. Nígbà tó dàgbà tó rí iṣẹ́, òun ló fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ wọ ilé-iṣẹ́ náà, ó sì dúró fún un níwájú àwọn ọ̀gá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ohun tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn, ọwọ́ mi ni kí ẹ ti béèrè rẹ̀." Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, okùn ni. A máa ń rò pé ẹlòmíràn la fi so, àfi ìgbà tí a bá fẹ́ rìn.

Ilé-iṣẹ́ náà wà nínú ọgbà tí wọ́n fi wáyà yí ká, òórùn kan sì wà níbẹ̀ tí kì í lọ. Ẹ mọ òórùn ìtọ̀ ọmọdé tó ti pẹ́ lára ẹní? Baba ńlá òórùn yẹn ni. Amónìà ni wọ́n ń pe ohun tó ń rùn bẹ́ẹ̀. Bó bá kéré, á ta ènìyàn nímú. Bó bá pọ̀, á fọ́ ojú, á dí ọ̀fun, kò sì ní í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.

Afẹ́fẹ́ méjì ló fẹ́ra tó di amónìà. Ọ̀kan ni náítírójìn, tó kún inú atẹ́gùn tí à ń mí. Ọ̀lẹ ni, kì í bá ẹnikẹ́ni da nǹkan pọ̀. Èkejì ni haidirójìn, ọmọ iná, ẹni tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́. Ní ilé-iṣẹ́ mìíràn tó jìnnà ni wọ́n ti ń so wọ́n pọ̀ bí ọkọ àti ìyàwó, wọn á wá fi ọkọ̀ táńkà gbé wọn wá. Níbi tí Ìyá Alásẹ́ ti ń ṣiṣẹ́, títú ni wọ́n ń tú ìgbéyàwó náà ká, kí wọ́n lè gba haidirójìn padà, nítorí òun ni àwọn ẹ̀rọ kan ń jẹ bí oúnjẹ. Ṣùgbọ́n àti ìsopọ̀ àti ìtúká, kò sí èyí tó ṣeé ṣe láìsí alárinà. Alárinà yìí kì í bá ọkọ lọ, kì í bá ìyàwó lọ. Á kàn dúró sáàárín, á parí ọ̀rọ̀, á tún dúró de tọkọtaya mìíràn.

Hóró ni alárinà náà, hóró kéékèèké tí kò ju ẹ̀wà lọ, aláwọ̀ eérú. Níkẹ̀lì, irin kan tó wà lára rẹ̀, ni ọwọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ ìtúká. Àmọ́ bí iná bá mú níkẹ̀lì, a máa wá ara rẹ̀ kiri, a máa dì mọ́ra bí àwọn ọmọ tí òtútù mú, iṣẹ́ á sì bàjẹ́. Lántánọ́ọ̀mù ló tẹ́ ẹní fún un, ló fi kálukú sí àyè tirẹ̀, ló sì ń tì í lẹ́yìn kí ọwọ́ rẹ̀ lè yá. Ohun inú ilẹ̀ ni lántánọ́ọ̀mù, ọ̀kan nínú ìdílé kan tí gbogbo ayé ń pè ní ọ̀wọ́n. Kì í ṣe pé ilẹ̀ kò ní in. Àwọn ọmọ ìdílé náà ló jọra ju ìbejì lọ. Kí wọ́n tó mú ọ̀kan jáde láàárín àwọn yòókù, ẹ̀mí á fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́.

Lántánọ́ọ̀mù dára, ṣùgbọ́n kò sí arẹwà tí kò ní àbùkù. Òùngbẹ ni tirẹ̀. Bó bá rí omi, á mu ún. Bó bá mu ún tán, á wú. Bó bá wú tán, á fọ́.

Ìyá Alásẹ́ kò mọ apá ìkẹyìn yìí. Ohun tí obìnrin ọ̀gá wọn, tí wọ́n ń pè ní Ẹnjiníà, sọ fún wọn kò ju èyí lọ: "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, kí òjò má kan hóró yìí o. Ẹ máa dé orí àgbá." Wọ́n sì ń dé e. Bí ìkùukùu bá ṣú báyìí, Ìyá Alásẹ́ á ti sáré gbé ọmọrí.

Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti sẹ́ hóró kí wọ́n tó kó o sínú ọ̀pá. Àwọn ọ̀pá irin náà dúró nínú iléru, wọ́n ga ju ilé alájà lọ, inú wọn ṣófo bí ìfun ẹni tó gbààwẹ̀. Àpò aṣọ gígùn ni wọ́n fi ń sọ hóró kalẹ̀ sínú wọn, díẹ̀díẹ̀, kó má baà já láti òkè kó fọ́. Kí wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀, Ìyá Alásẹ́ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, á ti sẹ́ gbogbo rẹ̀, kí eruku àti àfọ́kù lè bọ́ kúrò. Nítorí pé eruku ló ń dí ọ̀pá. Ìyẹn, Ìyá Alásẹ́ mọ̀ ọ́n dáadáa. Àbúrò rẹ̀ ló sọ fún un.

Àbúrò náà, Olójú-Iná ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa fi ojú kan ihò kékeré tó wà lára ògiri iléru, tí wọ́n fi gíláàsì dúdú dí, kó máa wo àwọn ọ̀pá bí iná ṣe ń jó lára wọn. Nígbà kan tí wọ́n jọ jókòó síwájú yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ṣàlàyé fún un.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìtúká yẹn, ooru ló ń jẹ. Bí amónìà bá ń gba inú ọ̀pá kọjá, á máa jẹ ooru ara ọ̀pá náà, ọ̀pá á wà ní pípọ́n jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bí ọ̀pá bá wá dí, kò sí ohun tó ń jẹ ooru mọ́. Á pọ́n gan-an, á máa tàn, á rọ̀, á bẹ́."

"Tó bá bẹ́ ńkọ́?"

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú. "Ẹni tó wà nídìí ihò ló máa kọ́kọ́ gbọ́. Ọkùnrin kan wà níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́, òun náà ń wo iná. Àárọ̀ ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Àwọn ènìyàn ló dì í lọ́wọ́ mú wálé. Títí di òní, ohùn ló fi ń mọ ọmọ rẹ̀."

Láti ìgbà yẹn, kò sí àárọ̀ tí Ìyá Alásẹ́ kì í rántí ọkùnrin yẹn.

Ó wá di ọjọ́ tí wọ́n ń sẹ́ hóró tuntun. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ó ku àgbá ìkẹyìn, ti ọ̀pá tó wà ní igun, nígbà tí fáànù tó ń fa eruku jáde nínú yàrá tí wọ́n ti ń sẹ́ hóró daṣẹ́ sílẹ̀. Ó dún kẹ̀rẹ̀rẹ̀, ó dákẹ́. Eruku wá gba gbogbo yàrá. Ìbòmú wà lẹ́nu wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n àyà Ẹlẹ́rìn-ín kì í gba nǹkan láti kékeré. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó dì mọ́ ẹ̀gbẹ́ tábìlì.

"Ọ̀rẹ́, ikọ́ yìí máa gbé mi lọ o!"

"Má kú síbí jọ̀ọ́. Ta ni yóò bá mi gbé àgbá?"

"Ẹ gbọ́ ọ̀dájú! Èmi ń kú lọ, àgbá lo ń rò."

"Kí o tó kú, jẹ́ kí a parí èyí. Lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà."

Ẹlẹ́rìn-ín jáde, ó ń wúkọ́ ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Alásẹ́ wo hóró, ó wo eruku. Ọwọ́ rẹ̀ sì ṣe ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ láti ìgbà tí kò tíì ga tó ìgbálẹ̀. Ìyá wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbálẹ̀ gbígbẹ. A máa ní, "Ẹni tí kò bá wọ́n omi, eruku ló fẹ́ fún ọmọ jẹ." Ìyá Alásẹ́ bu omi mímu rẹ̀ sínú ìdérí ìgò, ó ki ìka bọ̀ ọ́, ó wọ́n ọn sí hóró inú asẹ́: wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bíi kí ìrì sẹ̀. Eruku wálẹ̀. Ó tún wọ́n ọn. Ó ń sẹ́ ẹ, ó ń wọ́n ọn, títí àgbá fi tán.

Kò wá sí i lọ́kàn pé omi ni òun ń ta sí i. Òjò ni wọ́n ní kó má kàn án. Ta ló máa pe èyí ní òjò? Ohun kan péré ló ṣe é ní kàyéfì: nígbà tó fi ọwọ́ gbo hóró náà, ó gbóná díẹ̀, bí ẹyin tí adìẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀. Ó ní ooru ọjọ́ ni. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣẹ́kù tí kò gba inú àpò. Ó dà á sínú abọ́, ó gbé e sórí pẹpẹ.

Wọ́n kó hóró sínú ọ̀pá. Wọ́n fẹ́ atẹ́gùn gba inú ọ̀pá kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, láti mọ̀ bóyá ọ̀kan dí. Kò sí èyí tó dí, nítorí pé nígbà yẹn hóró ṣì jẹ́ hóró. Ibi kì í yára. Wọ́n dé gbogbo rẹ̀ pa, wọ́n sì lọ dúró de ìgbà tí àwọn ọkọ̀ táńkà yóò dé.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí táńkà tó dé. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ tan iná, Ìyá Alásẹ́ wọ yàrá tí wọ́n ti ń sẹ́ hóró láti tún un ṣe. Ó nawọ́ gbé abọ́ orí pẹpẹ. Hóró inú rẹ̀ ti wú, wọ́n ti la ẹnu. Ó fi ìka kan ọ̀kan, ó fọ́. Ó fi ìka kan òmíràn, ó di lẹ́búlẹ́bú, funfun kúnnákúnná, bí lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n ń fi sí ọmọ ọwọ́ lára. Ó sáré ṣí àgbá mìíràn tí hóró díẹ̀ ṣẹ́kù sí nínú, èyí tí omi kò kàn. Ó mú hóró kan, ó tẹ̀ ẹ́, ó fi eyín gé e. Òkúta.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín yàrá, abọ́ náà lórí itan. Ohun tó wà nínú abọ́ yìí ló wà nínú ọ̀pá igun. Ọ̀pá igun sì ni ihò tí àbúrò rẹ̀ ń fi ojú sí dojú kọ.

Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Bó bá sọ ọ́, wọ́n á lé òun, wọ́n á sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó dúró fún òun, aláboyún sì wà nílé rẹ̀. Bí kò bá sọ ọ́ ńkọ́? Ó rí ọkùnrin tó ń fi ohùn mọ ọmọ rẹ̀. Ó dìde, ó fi aṣọ bo abọ́ náà bí ẹni ń bo òkú, ó sì lọ wá àbúrò rẹ̀ nínú yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ.

Olójú-Iná ń de okùn bàtà. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀.

"Wo èyí."

"Kí ni? Ìyẹ̀fun?"

"Hóró ni. Ti ọ̀pá igun. Fáànù kú, Ẹlẹ́rìn-ín ń wúkọ́, mo wọ́n omi díẹ̀ sí i."

"Ẹ ṣe kí ni?"

"Mo wọ́n omi. Bí Ìyá wa ṣe máa ń ṣe."

Kò tún bi í léèrè ohunkóhun. Ìyá kan náà ló bí wọn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì fi àṣà ìyá náà tọ́ ọ. Ó mọ ìka tó wọ́n omi yẹn, ó mọ abọ́ tó ti bù ú. Ó kàn jókòó, okùn bàtà lọ́wọ́.

Ìyá Alásẹ́ ní, "Jẹ́ kí n lọ sọ fún Ẹnjiníà."

"Ẹ jókòó!"

"Ọmọ yìí, o ń pariwo mọ́ mi?"

"Ẹ má bínú. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ ò ní í sọ nǹkan kan. Èmi ni mo dúró fún yín. Tí ẹ bá lanu, àwa méjèèjì là ń lọ. Níbo lẹ fẹ́ kí n gbé ìyàwó mi gbà? Ilé ta ni kó bímọ sí?"

"Ojú rẹ ńkọ́? Ilé ta ni wọ́n ti ń yá ojú lò?"

"Ṣebí èmi ni mò ń wo ọ̀pá? Mo máa ṣọ́ ọ. Bó bá pọ́n ju bó ṣe yẹ lọ, èmi fúnra mi ni mo máa ní kí wọ́n pa iná, màá ní mi ò mọ ohun tó fà á. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Bóyá kò tiẹ̀ ní í dí."

"Bóyá."

"Ẹ lọ da abọ́ yẹn nù."

Ìyá Alásẹ́ lọ. Ẹ̀rù ló jẹ́ kó gbà. Ẹ̀rù a máa sọ pé òun ni ọgbọ́n, a máa wọ ẹ̀wù ọgbọ́n, a máa gbé ojú àgbàlagbà kọ́. Kò da abọ́ náà nù ṣá. Ó gbé e padà sórí pẹpẹ, kò mọ ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Wọ́n tan iná. Àwọn tí kò ní iṣẹ́ nídìí iléru lọ jókòó sí gbọ̀ngàn ìjẹun. Ìyá Alásẹ́ àti Ẹlẹ́rìn-ín jókòó sídìí fèrèsé, ife omi kan wà níwájú wọn. Iléru kì í dún bí iná ìdáná. Kíkùn ló ń kùn, bí ẹran ńlá tó ń sùn tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jí òun.

Ẹlẹ́rìn-ín ń sọ̀rọ̀ nípa ọkọ rẹ̀ tó ń hanrun. Ó ní, "Bó bá ń hanrun, màá di imú rẹ̀ mú. Á sinmi. Bí mo bá tún jù ú sílẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé." Ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ọ̀rẹ́, o ò gbọ́ mi. Ara rẹ ò yá ni?"

"Ara mi yá."

"Irọ́ lò ń pa. Ètè rẹ gbẹ. Mu omi."

Ó ti ife náà sí i. Ìyá Alásẹ́ wo inú ife. Omi inú rẹ̀ ń mì jẹ̀rẹ̀jẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìró iléru. Bó ṣe ń wò ó ni kíkùn náà yí padà. Bóyá ó yí padà ni o, bóyá àyà tirẹ̀ ló yí padà, kò sí ẹni tó lè sọ. Ó ṣáà dà bíi pé òùngbẹ ń gbẹ ohun kan lọ́hùn-ún, tí ohun náà sì ti mu omi tí òun fún un, tó ń wú, tó ń wú.

Ó dìde. Ife dà sórí tábìlì.

"Níbo lò ń lọ? Ọ̀rẹ́! Wọn ò ní ká dé ọ̀hún o!"

Kò sáré, nítorí pé ẹni tó bá sáré níbẹ̀, gbogbo ènìyàn á sáré. Ó ń rìn kánmọ́kánmọ́, ó ń fi ọwọ́ di ìdí ìró mú bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sórí iná. Ó kọjá lára ògiri níbi tí bọ́tìnnì pupa wà, èyí tí wọ́n ti sọ fún gbogbo wọn, títí dé orí agbálẹ̀, pé ẹnikẹ́ni ló lè tẹ̀ ẹ́ bó bá rí ewu. Kò sí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ rí. Eruku ti bò ó lórí.

Olójú-Iná wà nídìí ihò. Ó fi iwájú orí ti ògiri, bí ọmọ tí wọ́n fi ìyà jẹ. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò yíjú.

"Kúrò níbẹ̀, jẹ́ kí n wò ó."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ."

Ó fi èjìká tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ojú sí ihò. Kò tíì wo inú iléru rí láyé rẹ̀. Ó ti rò pé iná ni òun máa rí. Àwọn ọ̀pá ló rí, wọ́n dúró lọ bẹẹrẹ, wọ́n pọ́n rẹ́súrẹ́sú, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ìgbà tí oòrùn ń wọ̀. Gbogbo wọn ló pọ́n bákan náà, àfi èyí tó wà ní igun. Láàárín ara tirẹ̀, ibì kan ń tàn yanran, ó yí ọ̀pá ká bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Ó sì dà bíi pé ibẹ̀ yọ díẹ̀ síta.

"Láti ìgbà wo ló ti rí báyìí?"

Ó tún fẹ́ padà sídìí ihò.

"Mo ní láti ìgbà wo?"

"Ó máa mọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá ń tì í, á kọjá. Ó máa mọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

Ìyá Alásẹ́ wo ojú rẹ̀. Òógùn bò ó. Ọmọ tí òun pọ̀n nìyí, tí kì í lè sùn láìjẹ́ pé wọ́n fi ọwọ́ gbá a nídìí. Ó rí i pé ọmọ náà kò ní í ní kí wọ́n pa iná. Ó ti rí ohun tó yẹ kó rí, ó sì ti dákẹ́, nítorí pé bó bá sọ̀rọ̀, wọ́n á béèrè ìdí, ìdí náà sì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Á dúró síbẹ̀, á máa wò ó, títí ohun tó ń wò yóò fi bẹ́ sí i lójú.

Kò bá a jà. Ó yí padà, ó rìn lọ sídìí ògiri, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ bọ́tìnnì pupa náà pẹ̀lú gbogbo ara.

Ariwo tó tẹ̀lé e, ẹni tó bá gbọ́ ọ kò ní í gbàgbé. Fèrè ń ké, àwọn ilẹ̀kùn irin inú páìpù ń pa dé gbàgà gbàgà, iléru mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Ènìyàn ń tú jáde láti gbogbo yàrá. Wọ́n wo àsíá tó ń júwe ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, wọ́n sì gba òdìkejì rẹ̀ lọ sẹ́nu géètì, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wọn. Ìyá Alásẹ́ di àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ mú, kò jù ú sílẹ̀ títí wọ́n fi dé ọ̀hún.

Ẹnjiníà dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, fìlà irin rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ta ló tẹ̀ ẹ́?"

"Èmi ni," ni Olójú-Iná wí.

"Irọ́ ló ń pa," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Ẹnjiníà, èmi ni. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, èmi náà ni mo ba ọ̀pá igun jẹ́."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ níwájú gbogbo wọn: fáànù, ikọ́, ìdérí ìgò, ìka. Ẹlẹ́rìn-ín bú sẹ́kún. Ẹnjiníà kò pariwo. Ó wá ibì kan jókòó sí lẹ́nu géètì, bí arúgbó, bẹ́ẹ̀ ọmọdé ni sí Ìyá Alásẹ́.

Ó ní, "Mo sọ pé kí òjò má kàn án."

"Òjò ò kàn án, ma."

"Mo mọ̀. Mi ò sọ pé kí ẹ má wọ́n omi." Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Alásẹ́ rí i pé ọwọ́ náà ń gbọ̀n, ìyẹn ló sì wá bà á lẹ́rù jù lọ, nítorí pé ó ti rò pé ẹni tó mọ̀wé kì í bẹ̀rù nǹkan tó mọ̀.

Nígbà tí iléru tutù, wọ́n yọ ọ̀pá igun. Ara rẹ̀ wú níbi tó ti tàn yẹn, bí ọ̀fun ejò tó gbé eku mì tí eku há. Inú rẹ̀ kún fún lẹ́búlẹ́bú. Ẹni tó fi ìka ra ara irin náà sọ pé ó ti fẹ́lẹ́ bí èèpo ẹyin. Kò sí ẹni tó sọ bó ṣe kù tó kó bẹ́, kò sì sí ẹni tó béèrè.

Wọn kò lé Ìyá Alásẹ́. Olójú-Iná ni wọ́n lé. Ẹnjiníà pè é sí yàrá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ ọ kedere: "Ìyá kò mọ̀, ó ṣe é. Ìwọ mọ̀, o rí i, o dákẹ́. Mi ò lè fi ẹni tó lè dákẹ́ sídìí ihò yẹn." Ìyá Alásẹ́ wọlé, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀ títí, àgbàlagbà níwájú ọmọ. Ẹnjiníà kúnlẹ̀ tì í, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dìde, ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ padà.

Olójú-Iná jáde ní géètì, kò wẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń tẹ̀lé e, ó ń pè é ní orúkọ tó fi ń pè é nígbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ bímọ, ẹlòmíràn ló wá ròyìn rẹ̀. Ó ríṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ilẹ̀kùn onírin, ẹlòmíràn náà ló ròyìn rẹ̀. Ìyá Alásẹ́ ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń sẹ́ hóró, fáànù tuntun ń fẹ́. Ṣùgbọ́n kì í mú ìgò omi wọ yàrá yẹn mọ́. Nílé, gbígbẹ ló fi ń gbálẹ̀, a máa wúkọ́, eruku a máa bò ó bí ẹni tó ti oko dé. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá fẹ́ na abọ́ omi, ó máa ń rí ìlẹ̀kẹ̀ iná yẹn lára ọ̀pá.

Ó wá di àárọ̀ kan tó ń gbálẹ̀ báyìí, tí eruku gba ojú ọ̀nà. Ẹnì kan wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Àbúrò rẹ̀ ni, ojú rẹ̀ méjèèjì mọ́ kedere, ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé eruku lẹ fẹ́ fún ọmọ jẹ ni?"

Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà gbé ọmọ lé e lápá, ó wọlé, ó bu omi sínú abọ́, ó jáde wá. Ó ki ìka bọ̀ ọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n ọn sílẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ìyá wọn ṣe máa ń ṣe. Ìyá Alásẹ́ fà sẹ́yìn, ó di ọmọ náà mọ́ àyà.

"Ilẹ̀ lásán ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ilẹ̀ ni."

Ó ní òun mọ̀. Síbẹ̀ kò gbé ẹsẹ̀ lé e. Ó dúró lójú kan, ọmọ lọ́wọ́, ó tẹjú mọ́ ibi tí omi kán sí, ó ń wò ó bóyá yóò wú, bóyá yóò la, títí ilẹ̀ fi gbẹ.